Tẹlifíṣọ̀n Kò Rí Wáífáì Mọ́: Má Tíì Ra Adápítà

Àbúrò mi, Disẹ́ńbà kò ní pẹ́ dé mọ́. Àwọn ọmọ á ti Àbújá, Lọ́kọ́ja àti Èkó rọ́ wá sí Kabba, kí wọ́n sì tó bọ́ bàtà tán ni wọ́n á ti máa béèrè pásíwọ́ọ̀dù Wáífáì. Mo gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ rẹ ń kọ ọ́ sójú báyìí pé òun kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ti gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o lọ ra adápítà kékeré kan ní ọjà, kí o kì í bọ ihò USB, kó sì parí. Dúró ná. Kì í ṣe gbogbo adápítà ni tẹlifíṣọ̀n ń gbà, èyí tó máa gbà kò sì sí lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Kí a tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, jẹ́ kí a mọ̀ bóyá Wáífáì náà kú lóòótọ́. O mọ bí iná AEDC ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lágbègbè wa. Nígbà mìíràn ìdààmú lásán ló bá tẹlifíṣọ̀n, kò kú. Bí o bá fi rìmóòtù pa á, kò tíì sùn dénú, nítorí náà yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó dá a padà. Lẹ́yìn náà, wo ọjọ́ àti aago tó wà lórí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó bá rò pé ọdún 2010 la ṣì wà lè so mọ́ Wáífáì dáadáa, síbẹ̀ kí YouTube kọ̀ kó má ṣí, torí pé ẹ̀rọ máa ń fi ọjọ́ tirẹ̀ yẹ ìwé-ẹ̀rí ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì wò kó tó gbà láti wọ ibẹ̀. Tún aago ṣe, kí o tún gbìyànjú.

Bí kò bá yí padà, tan hotspot fóònù rẹ, gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni Wáífáì ń gbà rìn, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àti àwọn tuntun tí owó wọn kò pọ̀, 2.4 nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí fóònù rẹ bá ń fọ́n 5 jáde, tẹlifíṣọ̀n náà kò ní rí i, kò sì sí ohun tó ṣe é. Lórí Android, wọ inú ètò hotspot kí o yan 2.4. Bí iPhone 12 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ bá ni, tan ibi tí wọ́n kọ «Maximize Compatibility» sí. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni tẹlifíṣọ̀n rẹ, ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í rántí. Lọ́hùn-ún, ìkànnì 1 dé 11 ni wọ́n ń lò lórí 2.4, àwa ń lò ó dé 13. Bí ráótà ilé rẹ bá bọ́ sórí 12 tàbí 13, tẹlifíṣọ̀n náà kò ní rí i rárá, bẹ́ẹ̀ gbogbo fóònù inú ilé ń rí i. Yí ráótà sí ìkànnì 1, 6 tàbí 11. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ Wáífáì bá ti ṣú dúdú nínú ètò tẹlifíṣọ̀n débi pé kò ṣeé tẹ̀, tàbí tí àdírẹ́ẹ̀sì MAC rẹ̀ bá jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a jẹ́ pé ẹ̀yà tó ń gba Wáífáì ti kú, tàbí wáyà rẹ̀ ti ja. Ìgbà náà la tó lè sọ̀rọ̀ ríra.

Mú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ, kí o lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, funfun tàbí aláwọ̀ fàdákà, ó sábà máa ń wà nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Wá ibi tí wọ́n kọ «Model» sí. Má fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ya fọ́tò rẹ̀, torí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá bọ́ ti tó láti mú ọ ra ohun tí kò bá a mu. Wo Samsung kan tí wọ́n kọ UE40D5520 sí lára. UE sọ pé Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. 40 ni ìwọ̀n ojú rẹ̀ ní íǹṣì. D sọ pé tẹlifíṣọ̀n ọdún 2011 ni. Ká ní UN ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. UA ni ti Éṣíà àti Áfíríkà. Bí lẹ́tà tó tẹ̀lé ìwọ̀n bá jẹ́ C, ọdún 2010 ni, E ni 2012, F ni 2013, H ni 2014. Nínú ọ̀rọ̀ kúkurú yìí, o ti mọ ibi tó ti wá àti ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ orí yẹn ló sì máa pinnu gbogbo ohun tó kù.

Láàárín bí ọdún 2009 sí 2013, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n jáde tí wọ́n kọ «Wi-Fi Ready» sí lára páálí wọn. Wọn kò ní Wáífáì nínú rárá. Ihò USB ni wọ́n ní, pẹ̀lú adápítà kékeré, tí wọ́n ń pè ní dongle, tí ilé iṣẹ́ wọn ṣe fún wọn nìkan, tí wọ́n sì ń tà lọ́tọ̀. Samsung ní WIS09ABGN, WIS10ABGN àti WIS12ABGNX. LG ní AN-WF100, lẹ́yìn náà AN-WF500. Ti Sony ni UWA-BR100, ti Panasonic sì ni DY-WL10 àti TY-WL20. Bí tòkunbọ̀ ṣe ń kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bọ̀ nílé, dongle yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Pé méjèèjì jẹ́ LG kò túmọ̀ sí pé wọ́n bára mu o. Wá ìwé ìtọ́ni tẹlifíṣọ̀n náà lórí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wá a, kí o ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dárúkọ adápítà tó gbà.

Kí ló wá dé tí adápítà kọ̀ǹpútà, irú èyí tó kún orí àtẹ, kò fi ní ṣiṣẹ́? Nígbà tí o bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà lè gba ètò tó máa fi bá a sọ̀rọ̀ sára. Tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba adápítà tí ilé iṣẹ́ kọ́ ọ ní èdè wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ló mọ̀, ìyókù dà bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́. Iná ara rẹ̀ á tàn, torí pé ihò USB ń fún un ní iná, èyí ló sì máa ń tan èèyàn jẹ. Fáìlì fíìmù àti orin inú flash ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò yẹn fún. Àwọn tẹlifíṣọ̀n Android kan máa ń gba adápítà mìíràn, ṣùgbọ́n àyàfi tí wọ́n bá dán an wò lójú rẹ, má sanwó.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi fún ọ. Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá jẹ́ ti 2012 tàbí tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, má ra adápítà fún un, kódà bí o bá rí ojúlówó rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Google pa ọ̀nà àtijọ́ tí YouTube ń gbà wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní 2012 sẹ́yìn. Ní Disẹ́ńbà 2019, Netflix náà kúrò lórí àwọn Samsung kan tó jẹ́ ti 2010 àti 2011. O lè wá dongle náà dé ọjà Alaba ní Èkó, kó so mọ́ Wáífáì láìsí wàhálà, kí o wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sì ní ohun tó lè fi ṣe. Àwòrán irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣì lè dára gan-an. Ọpọlọ rẹ̀ ló ti darúgbó, adápítà kò sì lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́.

Ohun tí mo máa ra fún un ni igi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI: Fire TV Stick ti Amazon, TV Stick ti Xiaomi, tàbí Chromecast, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google ti dá ṣíṣe èyí dúró ní 2024. Ó ní Wáífáì tirẹ̀, ó ní YouTube àti Netflix tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kàn máa gbé àwòrán jáde ni. Ẹni yòówù kó ṣe tẹlifíṣọ̀n rẹ, ó máa bá a mu, bó bá ṣáà ti ní HDMI. Ohun kan péré ni kí o ṣọ́: má gba iná rẹ̀ láti ihò USB ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ihò USB 2.0 kò ju 500 mA lọ, ọ̀pọ̀ igi yìí sì ń fẹ́ 1 A. Á máa kú, á máa jí, wọ́n á sì ní ayédèrú lo rà. Orí ṣájà tó bá a wá ni kí o kì í bọ̀.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ara wọn ni Wáífáì wọn wà. Bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan ni, kò ju ìka méjì lọ, ó sábà máa ń wà nítòsí etí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, wáyà pẹlẹbẹ ló sì so ó mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Nígbà mìíràn ẹnu wáyà yìí ló yọ nígbà tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú mọ́tò. Bí oníṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ padà, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí náà ní kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Ìwọ má ṣí i fúnra rẹ, torí iná máa ń kù nínú bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí bọ́ọ̀dù Wáífáì náà bá ti jó, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi wá òmíràn, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Méjì lè jọra bí ìbejì kí ẹsẹ̀ wáyà wọn má dọ́gba. Àwọn tó ń tú tẹlifíṣọ̀n tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tà máa ń ní bọ́ọ̀dù yìí, kò sì wọ́n tó tuntun.

Bí o kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò LAN wà níbẹ̀. Bó bá wà, fi wáyà so ó mọ́ ráótà, tàbí kí o ra ẹ̀rọ tó ń na Wáífáì jìnnà, irú èyí tó ní ihò LAN lára bíi TL-WA850RE ti TP-Link. Ògiri lo máa kì í bọ̀, á gba Wáífáì, á sì fi wáyà kékeré gbé e fún tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n kò ní mọ̀ pé Wáífáì ni rárá, wáyà ló máa rò pó jẹ́, torí náà kò sí ọ̀rọ̀ pé ó bá a mu tàbí kò bá a mu. Fún àwọn ilé wa àtijọ́ ní Odolu àti Katu, tí ògiri amọ̀ wọn nípọn, mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Starlink sílé láti ìgbà tó ti wọ Nàìjíríà ní 2023, ẹ wo ráótà yín dáadáa: Gen 3 ní ihò LAN méjì, Gen 2 kò ní ìkankan, àfi kí ẹ ra ohun tó máa fún un níhò.

Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyára ńlá gba owó lọ́wọ́ rẹ. Netflix fúnra wọn sọ pé 5 Mbps tó fún àwòrán HD, 15 Mbps fún 4K. Adápítà tí wọ́n kọ 150 Mbps sí lára ti ju èyí tí Netflix ń fẹ́ lọ. Dátà ni kí o máa ṣọ́ bí àwọn ọmọ bá dé, torí pé HD lè jẹ 3 GB ní wákàtí kan, 4K lè jẹ 7 GB. Wọ inú àkáǹtì Netflix náà, gbé ìwọ̀n rẹ̀ sí «Medium», kó má kọjá 0.7 GB ní wákàtí kan.

Nígbà òjò, bí ààrá bá ti ń sán, yọ wáyà iná, kí o sì yọ wáyà LAN pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ń yọ ti iná, wọ́n ń fi ti LAN sílẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni ààrá máa gbà wọlé.

Bí a kò bá rí ohun tí o nílò ní Kabba, a máa rán ẹnìkan ní Àbújá lọ sí ọjà Banex tàbí Emab. Fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: ìwé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, àti ohun tí tẹlifíṣọ̀n kọ sójú nígbà tó kọ̀. Ní kó bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn kó tó sanwó pé bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó dá a padà, kó sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ọjà náà. Bí ọlọ́jà bá sọ pé kò sí tẹlifíṣọ̀n tí kì í gbà á, kí ó dá a padà sórí àtẹ, kí ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.