Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún bá yọ̀ ní balùwẹ̀, tàbí tó fẹsẹ̀ kọ níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa ní Ọ̀fà Garage, ẹ jẹ́ kí ìyá máa wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, tó yí sóde, tí ìyá kò sì lè dìde, ẹ gbà pé ìgbáròkó ti ṣẹ́ títí fọ́tò X-ray yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì gbé e gun ọ̀kadà. Inú ọkọ̀ tó ti lè nà gbalaja ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, lọ́jọ́ náà gan-an.

"Alhaja ti dàgbà jù fún iṣẹ́ abẹ," ni ẹ̀gbọ́n kan yóò wí. Àánú ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ibùsùn léwu fún arúgbó ju ọ̀bẹ lọ. Ẹni tí wọ́n so ìwọ̀n mọ́ lẹ́sẹ̀, tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, òtútù àyà, egbò ìdí àti ẹ̀jẹ̀ dídì ni yóò máa dọdẹ rẹ̀. Ìgbáròkó sì jìn ju ibi tí pákó teegunteegun lè dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ìlànà Bìrìtéènì ti ọdún 2011 ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí aláìsàn dé tàbí lọ́jọ́ kejì. Lọ́dọ̀ wa, owó ẹ̀jẹ̀ àti ti irin tí wọ́n ń fi sí eegun ló sábà ń fa ìdádúró. Kí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó kí fọ́tò tó jáde.

Ẹ wá bi oníṣẹ́ abẹ pé, "Dókítà, ibo ló ti ṣẹ́?" Ìdáhùn yìí ló ń pinnu irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Ọrùn eegun itan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí rẹ̀. Bí ọrùn bá ṣẹ́ tó sì yẹ̀, orí eegun lè kú bí ẹ̀ka tí a gé. Wọn a yọ ọ́, wọn a fi orí irin rọ́pò rẹ̀. Austin Moore, ará Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ ní 1940, irin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn wa títí dòní. Sìmẹ́ǹtì eegun máa ń mú irin dúró dáadáa nínú eegun tó ti rọ̀, àmọ́ ó lè já ìfúnpá wálẹ̀ lójijì, nítorí náà ẹ sọ àìsàn ọkàn tí ìyá bá ní. Bí ọrùn kò bá yẹ̀, síkúrù lè tó. Bí ti arúgbó tó ṣì ń dá rìn lọ sọ́jà bá yẹ̀, wọ́n lè pààrọ̀ orí àti ihò tó jókòó sí pọ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn ló ti ṣẹ́, orí kò sí nínú ewu. Irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú síkúrù, tàbí ọ̀pá irin inú mùdùnmúdùn, ni wọn yóò fi dè é.

Ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ tipẹ́ kó tó ṣubú ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2022, fi hàn pé ìtura àwọn tí ẹbí àti dókítà jọ pinnu pé kí wọ́n má là kò burú ju ti àwọn tí wọ́n là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò là kú láàárín oṣù kan. Oògùn ìrora kò gbọ́dọ̀ wọ́n wọn. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, ẹnikẹ́ni má fi bú ọmọ.

Ìyá tí wọ́n bá là, ọjọ́ kejì ni kó ti jókòó, kó gbìyànjú ìdúró pẹ̀lú irin ìfarọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè oògùn tó ń fún eegun lókun, nítorí ìgbáròkó kejì wà níbẹ̀.