Orúkọ Àwọn Sípíkà Mẹ́fà àti Wíwá Àléébù Ìró Ayíniká

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe àwọn sípíkà mẹ́fà tí ń gbé ìró ayíniká jáde, àti bí orúkọ wọ̀nyí ṣe ń tọ́ka sí ibi tí àléébù wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ń lo Linux, ètò tí a kọ sílẹ̀ ní gbangba kí ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì tún un ṣe, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn kan ń pe sípíkà ní gbohùngbohùn. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìmọ̀-ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, bá tẹ alátùn-únṣe kan láago ní Ọ̀yọ́ pé gbohùngbohùn òun kò ṣiṣẹ́, èwo ni onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ kí a fi sípíkà sílẹ̀ bí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún àti ìró ìsàlẹ̀. Òsì àti ọ̀tún olùgbọ́ ni a ń wí, kì í ṣe ti sípíkà tí ó kọjú sí i. Ẹnìkan lè fẹ́ pe sípíkà ìró ìsàlẹ̀ ní ìyáàlù nítorí títóbi rẹ̀. Àwọn ọmọ Àyàn ní Ọ̀yọ́ kò ní gbà: ìyáàlù a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì tí ọ̀nà ìró ìsàlẹ̀ ń gbé kò ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀rọ̀ kò sì lè yéni níbẹ̀. Sípíkà àárín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré inú fíìmù sábà máa ń gbà jáde, ni ó súnmọ́ ìyáàlù.

Bí sípíkà méjì iwájú nìkan bá ń dún ńkọ́? Kí a tó fọwọ́ kan ètò inú ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ ka ihò. Ihò kan ń gbé ọ̀nà ìró méjì. Ọ̀nà mẹ́fà ń fẹ́ ihò mẹ́ta: aláwọ̀ ewé fún iwájú, dúdú fún ẹ̀yìn, aláwọ̀ ọsàn fún àárín àti ìró ìsàlẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò sì sí àṣẹ tí a lè tẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di mẹ́ta. Káàdì ìró tí a ń kì bọ ojú USB ni a nílò.

Bí ihò bá pé, kí a ṣí pavucontrol, kí a lọ sí abala Configuration, kí a sì yan Analog Surround 5.1 Output. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ àṣẹ yìí:

speaker-test -c 6 -t wav

Ohùn kan yóò máa pe orúkọ sípíkà kọ̀ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì láti inú sípíkà náà gan-an. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún ti ìró ìsàlẹ̀. Bí ó bá pe àárín, tí ó sì dún lẹ́yìn, a ti fi okùn dúdú àti ti aláwọ̀ ọsàn sí ihò ara wọn. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, kí a gbé okùn sípíkà tí ó dákẹ́ sí ihò aláwọ̀ ewé. Bí ó bá dún níbẹ̀, káàdì tàbí ètò rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Bí kò bá dún, sípíkà tàbí okùn ni ó bàjẹ́.

Bí gbogbo wọn bá dún nínú àyẹ̀wò, tí ẹ̀yìn sì dákẹ́ nígbà tí a ń gbọ́ orin, ó lè má jẹ́ àléébù rárá. Ọ̀nà méjì péré ni ọ̀pọ̀ orin ní. Ètò mìíràn a máa ṣe ẹ̀dà wọn sí ẹ̀yìn, òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.