Ìbòjú Oníná fún Àlá Àmọ̀ọ́mọ̀lá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ṣe É Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé àlá ni àwọn ń lá àfi ìgbà tí wọ́n bá jí. Àwọn kan wà, síbẹ̀, tí wọ́n máa ń mọ̀ lójú oorun gan-an pé àlá ni. Irú èyí ni a lè pè ní àlá àmọ̀ọ́mọ̀lá. Kí ó lè máa wáyé lemọ́lemọ́, àwọn mìíràn a máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìbòjú tí ó ní iná kékeré nínú. Iṣẹ́ náà kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú àti ọpọlọ ni ó kàn, nítorí náà ó gba ìṣọ́ra.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1975, ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Worsley fi ẹyinjú rẹ̀ ṣe àmì láti inú àlá, bí òun àti olùwádìí Keith Hearne ti jọ ṣe àdéhùn. Ní ọdún 1981, Stephen LaBerge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, tẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde. LaBerge náà ni ó wá ṣe àwọn ìbòjú oníná, lára èyí tí NovaDreamer ti àwọn ọdún 1990 wà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Oorun ní ìpele. Lẹ́yìn nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú tí ènìyàn bá ti sùn, ìpele kan a dé tí ẹyinjú ń yí kíákíá, èyí tí wọ́n ń pè ní REM. Inú rẹ̀ ni àlá tí ó hàn kedere ti sábà máa ń wáyé. Ó máa ń padà wá, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀. Iná pupa lè gba ìpéǹpéjú kọjá. Bí ó bá ṣẹ́jú ní àkókò yìí, ó lè wọ inú àlá bí iná mọ́tò tàbí mànàmáná.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Kí a wá ìbòjú aláṣọ tí ó fẹ̀, tí kò tẹ ẹyinjú.
2. Kí a fi iná LED pupa kékeré kan sí ọ̀kánkán ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó má kan ara.
3. Bí bátìrì AA mẹ́ta bá ń gbé e, kí iná kọ̀ọ̀kan ní rẹ̀sítọ̀ 1,000 ohm tirẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù.
4. Kí a so wọ́n mọ́ pátákó ìdarí bíi Arduino, kí a ṣètò rẹ̀ láti dúró fún wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, kí iná wá ṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré.
5. Kí a fi téèpù bo gbogbo ojú wáyà. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ iná ilé nígbà tí ó bá wà lójú.

Àwọn ìbòjú kan ń fi ìtànṣán infrared ṣọ́ yíyí ẹyinjú. Kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí ojú kò lè rí ìtànṣán náà láti sá fún un.

Iná nìkan kò tó

Ìbòjú kì í fún ènìyàn ní àlá. Àmì lásán ni ó ń fún un. Ní ọ̀sán, kí a máa bi ara wa léèrè pé, "Ṣé àlá kọ́ nìyí?" nígbàkígbà tí a bá rí iná tí ń ṣẹ́jú. Kí a ka àkọlé kan, kí a gbójú kúrò, kí a sì tún un kà. Nínú àlá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sábà máa ń yí padà. Ẹni tí kò bá fi èyí kọ́ra, iná náà yóò kàn jí i ni.

Ìkìlọ̀

Ẹni tí ó ní wárápá, tàbí tí gìrì ti mú rí, kò gbọ̀dọ̀ lò ó. Iná tí ń ṣẹ́jú ní ìgbà 3 sí 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan léwu jù fún àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ń fa gìrì fún, pípa ojú dé kò sì gbà wọ́n. Kí ẹni tí ó ní àrùn ojú, tàbí àrùn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ó dá òótọ́ mọ̀, kọ́kọ́ rí dókítà.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Bí ìbòjú bá ń dá oorun dúró, tí òòyì tàbí ìtòògbé sì ń dé lọ́sàn-án, kí a bọ́ ọ sílẹ̀. Oorun ni oúnjẹ ara. Àlá, bí ó ti wù kí ó dùn tó, kò lè dípò rẹ̀.