Aṣọ ọba fún ọmọ ọdún 6

Ìbéèrè: Ilé ìwé fẹ́ kí ọmọ mi múra bí ọba lọ́jọ́ àṣà, owó télọ̀ kò sì sí. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọmọ, Ajùwọ̀n.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Bùbá àtijọ́ bàbá rẹ̀ ti tó ṣe agbádá fún un. Ẹ má tíì gé e. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un ná, ẹ ká ibi tó bá gùn jù sínú, kí ẹ fi ọwọ́ rán an. Kó má kọjá kókósẹ̀ o, torí ọmọdé á sáré, á sì tẹ̀ ẹ́ ṣubú. Bí ọrùn bá fẹ̀ jù, ìyẹn nìkan ni kí ẹ gbé lọ fún télọ̀.

Páálí la ó fi ṣe adé. Ẹ fi okùn wọn orí ọmọ náà, ẹ gé páálí bá a mu, ẹ lẹ àjákù ańkárá mọ́ páálí náà, kí ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára. Ti ọba gidi máa ń bo ojú. Ẹ má ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè rí ọ̀nà.

Ní ti ojú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má lé tìróò fún un. Májèlé òjé máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2012, àjọ CDC tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ ọwọ́ kan tí tìróò láti Nàìjíríà kó òjé sí lára. Bí ẹ bá ti ń lé e fún un tẹ́lẹ̀, ẹ mú un lọ bá dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.