Àpótí Ìmọ̀: Káàdì Ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní 1956, David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà. Èéyi, ikọ́ àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ ń pa ọmọ, dókítà ò sì tó nǹkan. Nínú ètò rẹ̀ ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, nọ́ọ̀sì ló ń yẹ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò; èyí tó bá kọjá agbára wọn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Iléṣà.

Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àmì á di ìlà. Bí ìlà ò bá gòkè mọ́, ewu ń bọ̀, ọmọ ìbáà máa ṣeré. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń wà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ètò náà wà. Irú káàdì yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní ti owó ìtọ́jú tó bá kọjá agbára nọ́ọ̀sì lónìí, òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Síbẹ̀, bí àpẹẹrẹ, aláró kan ní Òṣogbo tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló ti ń san owó dókítà àgbà.