Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OMI TÍ Ń BA ỌJÀ JẸ́ LÁÌJẸ́ PÉ ÒRÙLÉ JÒ

Bí àpò ọjà bá rin, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé páànù ló jò. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ẹ gbé ìgò mínírà jáde nínú fíríìjì. Kò ní pẹ́ tí ìgò náà yóò fi máa làágùn. Ìgò kò lu. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá.

Afẹ́fẹ́ a máa gbé omi tí ojú kò rí, èyí tí à ń pè ní oru omi. Bí ó bá ṣe gbóná tó ni omi tí ó lè gbé ṣe ń pọ̀ tó. Ká ní àpótí kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná dé digírì 30, ó lè gbé omi bíi gíráàmù 30. Bí ó bá tutù dé 10, agbára rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 9 lọ. Ìyókù á padà di omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrì ṣe ń sẹ̀ sórí koríko.

Ẹ wo kòkó tí a kó sínú kọ̀ǹténà ní wọ́ọ̀fù Àpápá, tí ó ń lọ sí Amsterdam tàbí Hamburg nígbà òtútù. Irin kọ̀ǹténà á tutù nígbà tí ọjà inú rẹ̀ ṣì gbóná. Oru omi á di omi lára àjà, á sì máa kán sórí àpò bí òjò. Kòkó á bu, oníbàárà á gé owó tàbí kí ó kọ ọjà.

Ara kòkó gan-an ni omi yìí ti ń jáde. Èyí tí ó gbẹ dáadáa ṣì ní omi bíi 7.5 nínú 100. Nínú tọ́ọ̀nù 12, kílò 900 nìyẹn! Kò yẹ kí ó kọjá 8.

Nítorí náà:

1. Ẹ sá ọjà gbẹ kí ẹ tó dì í. Ẹ má ṣe pa tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ.

2. Ẹ rí i pé pákó ìsàlẹ̀ kọ̀ǹténà gbẹ. Ẹ tẹ́ páálí sórí àpò, kí ẹ sì so oògùn tí ń fa omi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

3. Nínú sítọ́ọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, páànù a máa làágùn ní ìdájí. Ẹ gbé ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì sórí pákó. Kí ó má kan ògiri, kí ó má sì súnmọ́ páànù. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí oòrùn bá ràn, ẹ tì í nígbà òjò.

Owó tí ọ̀pọ̀ wa yá nínú ẹgbẹ́ ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn. Bí ọjà bá bu, gbèsè kò ní bá a bu. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí.