Ìpàdé Kejì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ ní Ore, mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín. Ẹ ní ẹ ò mọ èèyàn. Ẹnu yà mí, nítorí ìlú tí ọ̀nà Ṣàgámù, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé lẹ ń gbé. Oríta yìí náà ló mú ogun dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 1967. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní lóṣù kẹjọ, ọ̀nà Èkó ni wọ́n dojú kọ, Ore sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Títí dòní, ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ńlá ń já èrò sílẹ̀ níbí kí wọ́n lè jẹun.

Ṣùgbọ́n èrò ọ̀nà kì í ṣe ojúlùmọ̀. Ó jẹun, ó nu ẹnu, ó wọkọ̀ lọ. Irú ìmọra-ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ń ṣe: ẹ lọ síbi ayẹyẹ, ẹ gba nọ́ńbà èèyàn ogún, ẹ ya fọ́tò, ó tán. Ìpàdé kejì lẹ kì í lọ.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, wádìí bí àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Newton ṣe ríṣẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1974. Nínú àwọn tó jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló ta wọ́n lólobó, 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ríra. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jókòó nítòsí afárá Ore láti àárọ̀, ohun tí ẹ gbọ́ lòun náà gbọ́. Níbo ló ti fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ tí ẹ ò gbọ́?

Ẹ wo ọgbà ilé-iṣẹ́ Ondo-Linyi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ìjọba Gómìnà Akérédolú. Ẹ ń mú CV lọ síbẹ̀, ẹ ń já a fún ẹni tó wà ní géètì, ẹ ń padà sílé wá gbàdúrà. Àdúrà dáa. Àmọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ọgbà yẹn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń wá sí ìpàdé ọmọ ìlú, ó ń ra pákó ní sọ́mìlì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá a.

Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ orúkọ àti iṣẹ́ ọwọ́ yín láìfa ọ̀rọ̀ gùn: “Ẹ káàsán sà. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́, mo mọ wáyà ẹ̀rọ ńlá so.” Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Ẹ má tọrọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà o! Ẹ kàn máa mú kí ojú tì í ni, torí kò tíì mọ̀ bóyá ẹ lè jí wáyà gan-an.

Ẹ wá padà lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bó bá ti sọ pé òun ń wá wẹ́dà tó mọṣẹ́, ẹ wá wẹ́dà kan fún un. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa tó kàwé ìṣírò owó ló ń bá àwọn onípákó kọ ìwé owó ẹgbẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tí kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ olówó kòkó tó ń wá akọ̀wé.

Kí ẹ má sì lọ máa sá tẹ̀ lé ọlọ́lá nìkan. Awakọ̀ ọ̀gá máa ń gbọ́ pé àyè ṣí sílẹ̀ kí ọ̀gá tó kéde rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fi yín síṣẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹni tó ní inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lòun ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ kọ́ ló fẹ́ sọ.

Ẹni tí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ níbi ìsìnkú Sátidé tó kọjá, ẹ pè é lónìí, kí ẹ béèrè ìgbà tí ẹ lè wá kí i.